SV650S ọdún 2001: kí ni kí n kọ́kọ́ yí padà lára rẹ̀?

Ìyẹ́Àṣá

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Alùpùpù Suzuki SV650S ọdún 2001 ló wà lọ́wọ́ mi, èyí tó ń lo kábúrétọ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì le dáadáa, kì í jẹ ọ́ìlì, kì í tú èéfín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mi ò ní í tà á torí àtira tuntun. Àwọn àtúnṣe kéékèèké tí mo lè fọwọ́ ara mi ṣe, tí máṣíìnì náà á fi jí pépé sí i, ni mo ń wá. Ojú títì ni mo ti ń gùn ún, pàápàá àwọn ọ̀nà olókè tó kún fún kọ́nà. Mi ò gbé e lọ sí pápá ìdíje.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí. Tí mo bá fa bíréèkì iwájú, imú rẹ̀ á rì wọlẹ̀ pátápátá. Tí mo bá wọ kọ́nà tí ojú ọ̀nà rẹ̀ rí gbágungbàgun, ara rẹ̀ á máa mì, kò ní í dúró sójú ìlà tí mo fi í sí. Bíréèkì ń mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, mo ní láti fà á jìnnà kó tó gbọ́. Tí mo bá sì ń jáde nínú kọ́nà tó ká mọ́ra, ó máa ń pẹ́ kó tó gbéra.

Mo ti ń wo sàléńsà, fílítà afẹ́fẹ́ àti jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀, ìyẹn ihò kékeré tó ń díwọ̀n epo. Èwo ni kí n kọ́kọ́ mú? Kílò 92 ni mí tí mo bá ti wọ aṣọ ìgùn àti akoto.

Iná650

Sàléńsà ni, ẹ̀gbọ́n. Èyí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ gbé e kúrò, ẹ fi èyí tó fúyẹ́ sí i, ẹ máa rí i pé ara rẹ̀ á fúyẹ́, ohùn ẹ́ńjìnnì V (sílíńdà méjì tó ya bíi lẹ́tà V) yẹn á sì jáde bó ṣe yẹ kó jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, fílítà tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé fàlàlà, kí ẹ wá fi jẹ́ẹ̀tì tó tóbi díẹ̀ sí kábúrétọ̀. Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyẹn, mo sì ń gbádùn rẹ̀ títí dòní.

BàbáSípánà

Àbúrò mi Ìyẹ́Àṣá, padà lọ ka ohun tí o kọ. Ẹ̀sùn mẹ́rin lo kà sílẹ̀: imú tó ń rì, ara tó ń mì nínú kọ́nà, ọwọ́ bíréèkì tó rọ̀, àti ìgbéra tó ń pẹ́. Kò sí sàléńsà láyé yìí tó lè wo ọ̀kan sàn nínú mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹrin pàápàá, ọ̀nà tó rọrùn ju sàléńsà lọ wà fún un.

Ẹ́ńjìnnì 645 cc yìí ní agbára ẹṣin bíi 70. Tí o bá yí ìdí sàléńsà nìkan, ohun tó máa bù kún un kéré tó bẹ́ẹ̀ tí o lè má mọ̀ ọ́n lára lójú títì. Nígbà tí Suzuki ń ṣe SV yìí lọ́dún 1999, wọ́n fẹ́ kí owó rẹ̀ má pọ̀ jù. Férémù àti ẹ́ńjìnnì ni wọ́n náwó sí. Ibi tí wọ́n ti ṣọ́wó ná ni ṣọ́ọ̀kì àti bíréèkì. Nítorí náà, ibi tí àtúnṣe ti máa sanwó fún ọ jù ni ibi tí àwọn fúnra wọn ti fà sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n má tíì ra ohunkóhun. Máṣíìnì tó ti lé lógún ọdún ni. Kọ́kọ́ mọ bó ṣe jìnnà tó sí bó ṣe rí nígbà tó jẹ́ tuntun, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí àwa ènìyàn ń pè ní àìlágbára, gbígbó ni.

Yẹ ẹ̀gbẹ́ táyà méjèèjì wò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà DOT, wàá rí nọ́ńbà mẹ́rin níparí. Tó bá jẹ́ 2314, ó túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà tó ti gbó a máa le, kódà bí ilà ojú rẹ̀ bá ṣì jìn. Fi 33 psi síwájú àti 36 sẹ́yìn, kí o wọ̀n ọ́n nígbà tí táyà tutù. Gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kí o máa yí ọwọ́ rọra láti ọ̀tún sósì. Tó bá ń há sí àárín bí ẹni pé kòtò kan wà níbẹ̀, bẹ́rìn ọrùn ti jẹ. Di táyà ẹ̀yìn mú, kí o tì í sọ́tùn-ún sósì. Kò gbọdọ̀ ní ìmì kankan. Fífì ṣéènì gbọ́dọ̀ wà láàárín 20 sí 30 mm. Kí o sì sọ fún wa ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì inú ṣọ́ọ̀kì iwájú kẹ́yìn.

Ẹsẹ̀Méjì

Lórí ìgbéra, mo dúró ti bàbá. Ẹ wo sprocket yín, ìyẹn àwọn irin eléyín tí ṣéènì gbé kọ́, ọ̀gá mi. Tó bá jẹ́ eyín 15 níwájú àti 44 lẹ́yìn, 2.93 ni ìpín rẹ̀. Tí ẹ bá fi 14 síwájú, á di 3.14. Ìyẹn jẹ́ ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún tí a fi kún ìfà tó ń dé táyà ẹ̀yìn, ní gbogbo jíà, láti ìsàlẹ̀ dókè. Kò sí sàléńsà tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún SV.

Ohun tí ẹ máa fi gbà á ni pé ẹ́ńjìnnì á máa yí kíá sí i lójú ọ̀nà tó gùn. Ibi tó ti ń yí nígbà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan tẹ́lẹ̀, á máa yí bíi 5,360. Tó bá jẹ́ ọ̀nà jíjìn lẹ sábà ń lọ, ẹ rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gun ọ̀nà olókè máa dúpẹ́.

Iná650

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀tọ́ fún ẹlẹ́tọ̀ọ́. Ìwúwo tí èèyàn bá bọ́ sílẹ̀ lára máṣíìnì, èrè ni, nítorí pé bíréèkì, ìgbéra àti kọ́nà ló ń jẹ nínú rẹ̀. Èèyàn sì gbọ́dọ̀ nífẹ̀ẹ́ ohùn nǹkan tó ń gùn. Ohùn yẹn ló ń mú mi jáde nílé.

BàbáSípánà

Iná650, lórí ìwúwo, òótọ́ lo sọ, mi ò jà ọ́ níyàn. Sàléńsà tó fúyẹ́ máa ń yọ kílò gidi kúrò. Ohun tí mo ń sọ ni ohun tó yẹ kó ṣáájú.

AyabaỌ̀nà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. SV náà lèmi ń gùn. Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n Ìyẹ́Àṣá mọ̀ kó tó tẹ̀ lé ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni lórí ṣọ́ọ̀kì: ìwúwo yín ló máa pinnu, kì í ṣe ohun tí ọ̀rẹ́ yín fi sí tirẹ̀. Kílò 58 lèmi. Sípíríńgì iwájú tó bá a wá kò jìnnà sí ohun tó bá mi mu. Fún ẹni tó wúwo jù mí lọ tó bẹ́ẹ̀ yẹn, ó ti rọ̀ jù. Ẹni kílò 58 tó bá lọ kó sípíríńgì ẹni kílò 92 sínú ṣọ́ọ̀kì, gbogbo kòtò ojú títì ló máa dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ wọn sag rẹ̀, ìyẹn bí máṣíìnì ṣe ń rì tó nígbà tí ẹ bá jókòó lé e. Kò gba irinṣẹ́ kankan. Ẹ so okùn ike tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń di wáyà, mọ́ ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì tó ń dán yẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan fa ọwọ́ máṣíìnì sókè títí ṣọ́ọ̀kì á fi nà tán, kí ẹ wá ti okùn náà wálẹ̀ kó fara kan rọ́bà ìdí ọ̀pá. Ẹ wọ gbogbo aṣọ ìgùn yín, ẹ gùn ún rọra, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àtẹ̀sẹ̀ nígbà tí ẹnìkan dì í mú. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ tún fà á sókè kó nà tán, kí ẹ wá wọn àlàfo tó wà láàárín rọ́bà àti okùn. Fún ojú títì, 30 sí 40 mm ló dáa níwájú. Ẹ̀yìn náà kò yàtọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n láti ibi àáké táyà sí ibi kan lára ìrù máṣíìnì lókè rẹ̀ gan-an lẹ ti máa wọn tiẹ̀.

Ìyẹ́Àṣá

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ti lọ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ ṣe ní kí n ṣe.

Táyà iwájú: 0915. Ti ẹ̀yìn: 4017. Ilà ojú méjèèjì ṣì jìn, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fura. Bẹ́rìn ọrùn ń yí geere. Ẹ̀yìn kò mì. Ṣéènì ti dẹ̀ ju 40 mm lọ, mo ti fà á padà. Sprocket jẹ́ 15 àti 44 bí Ẹsẹ̀Méjì ṣe sọ, ṣùgbọ́n eyín ti iwájú ti ń ṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nípa ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kì, kò sí àkọsílẹ̀ kankan pé ẹnikẹ́ni pààrọ̀ rẹ̀ rí.

Sag iwájú jẹ́ 54 mm. Ti ẹ̀yìn jẹ́ 41.

Ìbéèrè: ṣé mi ò kàn lè tẹ sípíríńgì iwájú mọ́lẹ̀ sí i láti òkè, kí n fi nǹkan há a kó lè dín sag kù, dípò kí n ra tuntun?

BàbáSípánà

Ìbéèrè gidi lo béèrè yẹn, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kà á dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Tí o bá há sípíríńgì mọ́lẹ̀ láti òkè, ibi tí máṣíìnì dúró sí lo gbé sókè. Líle sípíríńgì kò yí padà. Sípíríńgì tó ń béèrè kílò 0.75 kí o tó lè fún un pọ̀ ní mìlímítà kan, iye yẹn náà ló máa béèrè lẹ́yìn tí o há a. Nítorí náà, imú á ga díẹ̀ nígbà tí o bá jókòó, ṣùgbọ́n tí o bá fa bíréèkì, á ṣì máa sáré rì bó ṣe ń rì. Tí o bá há a jù, kò ní í ní àyè tó láti nà mọ́ nígbà tí táyà bá bọ́ sínú kòtò, táyà á sì fò kúrò nílẹ̀. Ẹni kílò 92 nílò sípíríńgì tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín 0.90 sí 0.95 kg/mm ni kí o máa wò.

Ìyẹn jẹ́ ìdajì ọ̀rọ̀. Ìdajì kejì ni bí ọ́ìlì ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀kì náà. Ṣọ́ọ̀kì iwájú SV rẹ yìí jẹ́ irú ti àtijọ́: ọ̀pá kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n lu ihò sí lára, ọ́ìlì á máa gba inú ihò náà kọjá. Ihò yẹn kì í tóbi sí i, kì í kéré sí i. Nígbà tí ṣọ́ọ̀kì bá ń rìn jẹ́jẹ́, bíi ìgbà tí o fa bíréèkì, ọ́ìlì á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí ohun tó dá imú dúró. Nígbà tó bá ń rìn kíákíá, bíi ìgbà tí táyà kọlu gegele, ọ́ìlì kò ní í ráyè kọjá, gbogbo ìkọlù náà á wá bá ọwọ́ rẹ. Ohun tó fà á nìyẹn tí máṣíìnì kan náà fi lè rọ̀ jù kó sì tún le jù.

Ohun tí wọ́n ń pè ní emulator ni wọ́n ṣe fún èyí. Fáàfù kékeré ni, orí ọ̀pá oníhò yẹn ló ń jókòó sí, sípíríńgì ńlá ló sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. O máa lu ihò ọ̀pá náà kó tóbi, kí fáàfù lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Á dá ọ́ìlì dúró nígbà ìrìn jẹ́jẹ́, á sì ṣí nígbà ìkọlù. Àmọ́ o ní láti tú ṣọ́ọ̀kì pátápátá kó tó ṣeé ṣe. Bí ọwọ́ rẹ kò bá tíì mọ iṣẹ́ náà, fi sípíríńgì tuntun àti ọ́ìlì tuntun sí i lákọ̀ọ́kọ́. Sípíríńgì nìkan á mú èyí tó pọ̀ jù kúrò nínú ẹ̀sùn rẹ.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: sípíríńgì wà ní ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lábẹ́ ìdérí òkè. Nígbà tí o bá ń ṣí i, má fi ojú rẹ sókè rẹ̀, kí o sì fi gbogbo agbára tẹ ìdérí bí ìlà tó kẹ́yìn ṣe ń bọ́. Gbé iwájú máṣíìnì kúrò nílẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ti ṣí i nígbà tó dúró lórí táyà, máṣíìnì sì wó lulẹ̀.

Ẹsẹ̀Méjì

Àti pé táyà 0915 yẹn, ọ̀gá mi, ẹ má tún gùn ún wọ kọ́nà mọ́. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ rẹ̀ ṣáájú gbogbo nǹkan. Ìmì tí ẹ ń rí nínú kọ́nà yẹn, ó ṣeé ṣe kí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti rọ́bà tó ti gan.

Fún ojú títì, ẹ má lọ ra táyà ìdíje. Ó nílò ooru kó tó di ilẹ̀ mú, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn ojú títì kì í mú un gbóná tó bó ṣe fẹ́. Táyà tí wọ́n ṣe fún ìrìn àjò oníyára á ti dì í mú láti ìbẹ̀rẹ̀, nínú òjò pàápàá, á sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀.

AyabaỌ̀nà

Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀ náà kí ẹ tó rà á. 120/60-17 ni ti iwájú SV wa yìí, 160/60-17 lẹ́yìn (fífẹ̀ ní mm, gíga ẹ̀gbẹ́ ní ìdá ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, àti ìwọ̀n irin ní ínṣì). Irú táyà tó wà ní 120/60 kò pọ̀ mọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ ń fi 120/70 sí i. Ó wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó ga ju tàkọ́kọ́ lọ ní bíi 12 mm láti ilẹ̀ dé etí irin. Ìyẹn ń gbé imú sókè, máṣíìnì á sì lọ́ra díẹ̀ kó tó tẹ̀ wọ kọ́nà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lára máa ń ti ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì sókè díẹ̀ nínú ìdìmú rẹ̀ láti dá imú padà wálẹ̀. Ẹ wò ó pé kò fara kan ìbora táyà. Ẹ má sì fi 180 sẹ́yìn nítorí ẹwà. Irin táyà yín kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ojú táyà náà á ká sókè, á sì wúwo láti tẹ̀.

Lórí bíréèkì, rọ́bà họ́ọ̀sì ni kí ẹ fura sí. Nígbà tí ẹ bá fa ọwọ́, họ́ọ̀sì tó ti gbó a máa wú, agbára ọwọ́ yín á parí sínú wíwú yẹn dípò kó dé ọ̀dọ̀ páàdì. Họ́ọ̀sì tí wọ́n hun irin mọ́ lára kì í wú. Nígbà tí mo fi í sí tèmi, ó yà mí lẹ́nu bí ọwọ́ ṣe dúró gbọn-in. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, ẹ tú kálípà, ìyẹn ohun tó ń tẹ páàdì mọ́ díìsì, ẹ fọ ọmọ inú rẹ̀, ẹ fọ àwọn píìnì tó ń yọ̀ lé lórí kí ẹ sì fi gíríìsì tí kì í bá rọ́bà jà sí i. Kálípà SV yìí ń rọ́ sọ́tùn-ún sósì lórí píìnì yẹn ni. Tí píìnì bá há, páàdì ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Ọ́ìlì bíréèkì DOT 4 tuntun kún un. Ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, nítorí náà ọdún méjì méjì ni kí ẹ máa yí i, kódà tí ẹ kò bá gun máṣíìnì náà púpọ̀. Páàdì onírin tí wọ́n fi ooru lẹ̀ pọ̀ ni mo fẹ́ràn jù fún iwájú. Ẹ wo iye tí wọ́n tẹ̀ sára díìsì náà, ìyẹn ni nínípọn tí kò gbọ́dọ̀ dín sí.

ÒjòÒDáMiDúró

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé púlọ́ọ̀gì iwájú! SV tí kábúrétọ̀ yìí ní àrùn kan tí gbogbo wa tó ń gùn ún nínú òjò mọ̀. Sílíńdà iwájú wà lẹ́yìn táyà gan-an, omi tí táyà ń ta á sì máa wọ inú kòtò tí púlọ́ọ̀gì wà. Ihò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà náà tí omi yẹn yẹ kó gbà jáde. Tí erùpẹ̀ bá dí i, kòtò á kún, iná púlọ́ọ̀gì á sì sá lọ. Ẹ́ńjìnnì á wá máa ṣiṣẹ́ lórí sílíńdà kan. Ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ la ihò náà, kí ẹ sì pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì méjèèjì. CR8E ti NGK ló ń lò.

Ẹ tún gbé mítà lé bátìrì lórí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí bíi 5,000, ó yẹ kó fi bíi fóòtì 14 hàn. Tí kò bá dé 13, ẹ wo régúlétọ̀, ìyẹn ohun tó ń ṣàkóso iná tó ń lọ sí bátìrì, àti ojú ibi tí wáyà rẹ̀ ti so pọ̀. Ìgbéra tó ń pẹ́ lè ti ibẹ̀ yẹn wá, nítorí iná púlọ́ọ̀gì tí kò lágbára.

Ìyẹ́Àṣá

Ihò yẹn ti dí pátápátá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ bọ̀. Ìpẹta ti wà lára púlọ́ọ̀gì iwájú. Mítà fi 14.2 hàn, ọpẹ́ ni.

Mo ti gbà pé táyà, sípíríńgì àti họ́ọ̀sì bíréèkì ló ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí n béèrè nípa fílítà àti jẹ́ẹ̀tì ṣáá o, nítorí kábúrétọ̀ yìí ṣì ń fà mí lọ́kàn. Mo rí àwọn tó yọ àpótí fílítà kúrò pátápátá, tí wọ́n fi fílítà kékeré méjì sí ẹnu kábúrétọ̀ ní tààrà.

BàbáSípánà

Má yọ àpótí yẹn. Nínú kábúrétọ̀ yìí, kì í ṣe ọwọ́ iná tí o ń yí ló ń gbé abẹ́rẹ́ epo sókè ní tààrà. Ọwọ́ rẹ ń ṣí ilẹ̀kùn kan. Ìyàtọ̀ ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ tó wà lókè àti nísàlẹ̀ rọ́bà pẹlẹbẹ kan ló wá ń gbé abẹ́rẹ́. Àpótí fílítà ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dúró jẹ́jẹ́ kó tó wọ ibẹ̀. Tí o bá yọ ọ́, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà á máa lu ẹnu kábúrétọ̀, abẹ́rẹ́ kò ní í mọ ìgbà tó yẹ kó gbéra, agbára tó wà láàárín, èyí tí o nílò jù nínú kọ́nà, á sì sọnù. Mo ti rí máṣíìnì tó dáa tó bàjẹ́ báyìí, inú mi kì í sì í dùn sí i.

Bí o bá fi sàléńsà tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde kíá sí i, o lè nílò epo díẹ̀ sí i. Àwọn àmì rẹ̀ nìyí: á máa dún pàà-pàà nínú sàléńsà nígbà tí o bá fi iná sílẹ̀, kò ní í tètè padà sí ìdúró rẹ̀ (yíyí jẹ́jẹ́ láìfa iná), á máa fà síwájú fà sẹ́yìn nígbà tí o bá mú iná dúró sójú kan, ojú púlọ́ọ̀gì á sì funfun. Mọ ibi tí jẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́ kí o tó fọwọ́ kàn án. Jẹ́ẹ̀tì kékeré ló ń ṣàkóso láti ìdúró títí dé ìdá kan nínú mẹ́rin iná. Abẹ́rẹ́ ló gba àárín. Jẹ́ẹ̀tì ńlá kò ṣe púpọ̀ títí o fi yí iná dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Àwọn ènìyàn máa ń yí jẹ́ẹ̀tì ńlá nítorí ẹ̀sùn tó wà ní ìsàlẹ̀, wọn kò sì ní í rí ìyàtọ̀.

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ tèmi: màá mú kábúrétọ̀ méjèèjì dọ́gba. Fi mítà tó ń wọn ìfà afẹ́fẹ́ sí méjèèjì, kí o yí ìdè àárín títí wọn á fi fà bákan náà. Kò ná ọ ní ohunkóhun ju àkókò lọ, ẹ́ńjìnnì á sì dẹ́kun gbígbọ̀n nísàlẹ̀. Kí o tó ṣe ìyẹn, rí i pé àlàfo fáàfù tọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù: 0.10 sí 0.20 mm fún ti ìwọlé, 0.20 sí 0.30 fún ti ìjáde. Ilé iṣẹ́ ní kí a máa wò ó ní gbogbo 24,000 kìlómítà, ọ̀pọ̀ kì í sì wò ó rí.

Iná650

Lórí àpótí fílítà, bàbá ti sọ gbogbo rẹ̀. Mi ò yọ tèmi, fílítà inú rẹ̀ nìkan ni mo yí. Mo ṣì ń sọ pé ẹ̀gbọ́n á padà wá ra sàléńsà. Tí ẹ bá rà á, ẹ mú èyí tó ní ohun ìdínkù ariwo tó ṣeé yọ, kí ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ariwo jù kì í fi agbára kún nǹkan.

Ìyẹ́Àṣá

Ìròyìn ti dé. Táyà tuntun méjèèjì ti wọlé, 120/70 níwájú. Sípíríńgì 0.95 àti ọ́ìlì tuntun wà nínú ṣọ́ọ̀kì. Ọ́ìlì tó jáde dúdú, ó ń rùn bí ẹja tó ti bàjẹ́. Họ́ọ̀sì onírin àti páàdì tuntun ti wà lórí bíréèkì. Sag iwájú jẹ́ 36 mm báyìí.

Mo gbé e lọ sí ọ̀nà olókè tí mo mọ̀ dáadáa. Imú kò rì bó ṣe ń rì mọ́, mo lè fa bíréèkì títí wọ ẹnu kọ́nà láìbẹ̀rù. Ìka kan tàbí méjì ti tó fún bíréèkì. Ìmì ti lọ, àfi ibi tí ojú ọ̀nà ti bàjẹ́ gan-an, ẹ̀yìn ló wá ń ta mí sókè níbẹ̀ báyìí. Inú mi dùn gan-an, ẹ ṣeun.

Ó wá ku ẹ̀yìn àti sprocket.

AyabaỌ̀nà

Ẹ kú oríire! Ẹ̀yìn tó ń ta yín sókè yẹn, bó ṣe sábà ń rí nìyẹn. Nígbà tí iwájú bá dáa tán lẹ máa gbọ́ ohun tí ẹ̀yìn ti ń sọ tipẹ́. Ọ̀pọ̀ oní-SV máa ń fi ṣọ́ọ̀kì GSX-R, máṣíìnì eré sísá ti Suzuki, sẹ́yìn, torí pé èèyàn lè tún títa padà rẹ̀ ṣe. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ wọn gígùn rẹ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Bí ó bá gùn jù ú lọ, ẹ̀yìn á ga, imú á sì yá láti tẹ̀. Ẹ sì wò ó bóyá ife ọ́ìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ráyè. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ tú àwọn apá irin tó so ṣọ́ọ̀kì mọ́ férémù, kí ẹ fọ bẹ́rìn wọn kí ẹ sì fi gíríìsì tuntun sí i. Ibẹ̀ ni omi àti erùpẹ̀ ń pọ̀ sí jù, ó sì lè jẹ́ pé gbígbẹ ibẹ̀ ló ń ta yín.

Ẹsẹ̀Méjì

Fún sprocket: eyín ti iwájú yín ti jẹ, nítorí náà ẹ yí ti iwájú, ti ẹ̀yìn àti ṣéènì pa pọ̀. Ṣéènì tó ti gbó a máa jẹ sprocket tuntun kíákíá. Tí ẹ bá fẹ́ ìfà ti 14 láìfi 14 síwájú, 15 àti 47 fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀: 3.13. Eyín kan níwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta lẹ́yìn. Ìdí tí màá fi yan 15 àti 47 ni pé sprocket iwájú tó kéré ń ká ṣéènì jù, ṣéènì á sì tètè gbó, á sì súnmọ́ rọ́bà tó wà lórí apá ẹ̀yìn. Àmọ́ ṣéènì yín á nílò gígùn díẹ̀ sí i fún 47, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gé e.

Tí ẹ kò bá dá yín lójú pé ẹ máa fẹ́ràn rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 15 àti 46. Ìdá mẹ́rin àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, ẹ kò sì ní í rí ìpalára kankan lójú ọ̀nà gígùn.

Ìyẹ́Àṣá

15 àti 46 ni màá mú. Nọ́ọ̀tì sprocket iwájú le bí òkúta, mo ti gbìyànjú, kò mira. Kí ni ọgbọ́n rẹ̀?

BàbáSípánà

Tú u kí o tó tú ṣéènì àtijọ́, kí ṣéènì lè dì í mú fún ọ. Wò ó bóyá wọ́n ti tẹ etí wáṣà rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì, kí o fi ṣísẹ́lì na etí náà padà kó pẹlẹbẹ. Jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn wà nílẹ̀, kí ẹnìkan jókòó lé máṣíìnì kó sì tẹ bíréèkì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ gan-an, kí o wá fi sípánà ọlọ́wọ́ gígùn tú u. Má ṣe fi jíà dì í mú, kí agbára náà má baà wọ inú gíábọ́ọ̀sì. Nígbà tí o bá ń dá a padà, wáṣà tuntun ni kí o lò, kí o fi sípánà tó ń wọn agbára dè é dé iye tí ìwé máṣíìnì rẹ sọ, kí o sì tẹ etí wáṣà náà mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, tún wo fífì ṣéènì, nítorí ṣéènì tuntun máa ń nà díẹ̀.